Ẹ̀jẹ̀ Funfun àti Kúlà Ìyá Bọ́láńlé

Ẹ̀jẹ̀ funfun wà láyé o. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn á ní orí àgbàlagbà yìí ti ń dàrú. Ṣùgbọ́n ojú mi yìí ló rí i, ọwọ́ mi yìí náà ló sì dà á nù, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ nìyẹn. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn. Ìlú Oǹdó ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Àkúrẹ́ ni mo parí rẹ̀ sí. Iṣẹ́ wa ni pé ká gba ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn, ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún dókítà. Títí di òní, bí ẹ bá dé Arákálẹ̀ ní Àkúrẹ́ tí ẹ béèrè Ìyá Láàbù, wọn á júwe ilé mi fún yín.

Ọ̀rọ̀ bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí, wọ́n gbà mí. Owó oṣù kò pọ̀ nígbà tí mo wọlé, kò sì pọ̀ nígbà tí mo jáde, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀gá mi ni kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá Adéyanjú ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsìkàn ní Àkúrẹ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀wù funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n kankan, táàṣì rẹ̀ le débi pé ẹ̀wù ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìgò ni mo ń fọ̀. Bí mo bá fọ ọgọ́ta tán, á gbé ọ̀kan síta nínú oòrùn, á wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú kànga, bó bá sì rí ẹ̀kán omi kan péré níbẹ̀, á ní kí n tún gbogbo rẹ̀ fọ̀. Mo sunkún lọ bá ìyá mi pé n kò ṣe mọ́. Ìyá mi ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo padà lọ fọ ìgò.

Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, Ọ̀gá gbé ìgò méjì síwájú mi. Ó ti fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ inú wọn, èyí tó pupa ti rọ̀ sísàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ ti lékè. Ó ní obìnrin kan bímọ láàárọ̀ yẹn, pé ọ̀kan nínú ìgò méjèèjì jẹ́ ti ìyá, ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ, inú okùn ìwọ́ ni wọ́n ti gba ti ọmọ. Omi ti àkọ́kọ́ mọ́ gaara, ó dà bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Ti èkejì ṣókùnkùn díẹ̀, ó ki.

"Èwo ni ti ọmọ?"

Mo ní èyí tó ki ni, sà. Mo ní ṣebí ọmọ tuntun ló máa ń sanra múlọ́múlọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín Ọ̀gá nìyẹn. Ó ní, "Ìyá ló ni èyí tó ki, ìwọ ọmọ yìí. Nígbà oyún, ara obìnrin a máa kó ọ̀rá jọ sínú ẹ̀jẹ̀, á máa tò ó pa mọ́ de ọmọ. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ kì í jẹ́ kó ya wọlé bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kéré jọjọ. Ó di ìgbà tó bá ń mu ọmú kó tó máa gòkè." Ó wá fi ìka kan ìpéǹpéjú ara rẹ̀. "Uṣẹ́ ojú ni uṣẹ́ yìí. Kì í ṣe uṣẹ́ ẹnu." Bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń pe iṣẹ́ nìyẹn, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ẹnu yà mí o. Fún ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá pàdé aboyún lójú títì Odòjọ̀mù, ikùn rẹ̀ ni mo máa ń wò, mo ń ro iye nǹkan tó ń lọ níbẹ̀ tí ẹni tó ru ú kò mọ̀.

Ìgbà yẹn, ọwọ́ la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Láti mọ kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹnì kan, a ó po omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ásíìdì tó ń jó ni, a ó dúró, á sì yí padà di àwọ̀ ewé. Bí àwọ̀ ewé náà bá ṣe dúdú tó ni ọ̀rá náà ṣe pọ̀ tó. Ásíìdì yẹn jó ìró mi mẹ́rin kí n tó gbọ́n.

Àmọ́ ìdánwò ọ̀rá ní òfin kan. Ẹni tó fẹ́ ṣe é kò gbọ́dọ̀ jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú títí a ó fi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìyá wo ní Oǹdó ló máa gbà kí ọmọ òun tó lóyún sùn lébi? "Aboyún kì í gbààwẹ̀," ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nìyẹn. Wọn á fún ọmọ ní ẹ̀kọ àti àkàrà ní ìdájí, wọn á nu ẹnu rẹ̀, wọn á wá dúró síwájú wa bí ẹni mímọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń tú wọn fó. Ọ̀rá oúnjẹ á ti wọnú rẹ̀, omi rẹ̀ á funfun. A ó wá fi bíírò pupa kọ ọ́ sórí ìwé pé "Ó ti jẹun," a ó ní kí wọ́n tún wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ọ̀gá tún ní òfin tirẹ̀ lórí ìyẹn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bá funfun, ẹ má dà á nù, ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọ̀la láìmì í. Bó bá jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ ló fà á, ọ̀rá náà á léfòó, ìsàlẹ̀ á mọ́. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣì funfun lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ oúnjẹ mọ́, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Níṣojú rẹ̀, mo máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo gbé síbẹ̀ ló léfòó. Kò sí ọ̀kan tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá ń sọ lọ́kàn mi pé kí ni à ń fi fíríìjì ṣe gan-an, nígbà tí ojú mi ti mọ̀ ọ́n. Mo ti di ọlọ́pàá oúnjẹ. Mo lè wo obìnrin kan, kí n wo ìyá rẹ̀, kí n sì sọ ohun tí wọ́n jẹ. Inú mi a máa dùn sí i.

Ọdún karùn-ún mi lẹ́nu iṣẹ́ ni Ọ̀gá gba ìsinmi lọ sí Àkúrẹ́, ó fi láàbù sílẹ̀ fún mi. Bí Bọ́láńlé ṣe wá nìyẹn.

Tíṣà ni Bọ́láńlé, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje. Inú ń run ún, á dé, á lọ, ó máa ń le sí i bó bá ti jẹun. Dókítà ní kí a wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Bọ́láńlé ń pe gbogbo obìnrin tó bá wọ ẹ̀wù funfun. Ó gbé kúlà oúnjẹ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan dání, ìdérí rẹ̀ funfun, òórùn mọ́ínmọ́ín ń jáde lára rẹ̀.

Mo gba ẹ̀jẹ̀, mo yí i. Ó funfun bí omi ògì! N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo jáde sí wọn.

"Màmá, kí lẹ fún un jẹ?"

"Kò sí, nọ́ọ̀sì. Láti àná ni ẹnu rẹ̀ ti dí."

"Kúlà wo lẹ wá gbé lọ́wọ́?"

"Kó lè jẹun bí ẹ bá ti gba ẹ̀jẹ̀ tán ni. Ebi á ti máa pa á."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi bíírò pupa kọ ọ́. Wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kúlà yẹn náà, ẹ̀jẹ̀ funfun yẹn náà. Mo tún lé wọn. Nígbà kẹta, ara mi ti gbóná. Mo jáde síta, èrò kún bẹ́ǹṣì, mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa pa ọmọ yìí pẹ̀lú oúnjẹ yín."

Ìyá Bọ́láńlé gbé kúlà sílẹ̀. Obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. "Ọmọ mi, mo fi ọmọ tó wà nínú rẹ̀ búra, kò jẹun. Mi ò fún un ní nǹkan kan."

Mo dá a lóhùn pé, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́."

Mo wọlé, mo da ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ sínú síǹkì, mo ṣí omi lé e lórí. Fíríìjì ò jìnnà sí mi ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo fi máa wo ojú fèrèsé, wọ́n ti wà lábẹ́ igi níta, ìyá ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ rẹ̀, mo sì ń dá sọ fún ara mi pé ẹ ò rí nǹkan.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé Bọ́láńlé dé lọ́sàn-án gangan. Ó ká jọ, ó ń bì, ó ní ìrora náà gba inú dé ẹ̀yìn. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá wọṣẹ́ padà. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kíá, ó funfun. Ọ̀gá ka ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó rí bíírò pupa mi lẹ́ẹ̀mẹta.

"Àwọn ti ìṣáájú ńkọ́?"

"Mo ti dà wọ́n nù, sà."

"O gbé wọn sí fíríìjì?"

Mo mi orí pé rárá. Ọ̀gá kò pariwo mọ́ mi, ì bá sàn kó pariwo. Ó sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà jọ fún dókítà, ó gbé ìgò náà sínú fíríìjì, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Bọ́láńlé láti gbé ọmọ jáde. Obìnrin ni ọmọ náà, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ké.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ọ̀gá pè mí. Ó gbé ìgò náà síta sínú oòrùn, bó ṣe máa ń gbé ìgò tí mo fọ̀. Ó funfun lókè, ó funfun láàárín, ó funfun dé ìsàlẹ̀.

"Mojí, ta ló jẹun?"

Háà! Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ ìbéèrè lóríṣiríṣi láyé, kò sí èyí tó tó ìyẹn. Wọ́n ní ara àwọn kan kò lè tú ọ̀rá ká láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, pé bí oyún bá wá dé bá irú wọn, ọ̀rá á kún ẹ̀jẹ̀ títí ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, èyí tó ń bá wa da oúnjẹ, yóò fi wú. Kò sí ọ̀rọ̀ kúlà nínú ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo tún wá bi dókítà léèrè bóyá à bá ti ṣẹ́gun rẹ̀ ká ní a tètè mọ̀. Ó ní òun kò lè búra, ṣùgbọ́n ká ní òun ti mọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òun ì bá dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, òun ì bá yọ gbogbo ọ̀rá kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Bọ́láńlé kú.

Mo kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá kà á, ó fà á ya. Ó ní, "Lẹ́yìn mi, ìwọ nìkan ló ti rí i níhìn-ín báyìí. Bí o bá lọ, ta ni yóò dá a mọ̀ bó bá tún dé?" Mo dúró. Mo lọ sí ilé Ìyá Bọ́láńlé kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo dé ẹnu géètì, mo rí i tó ń wẹ ọmọ náà nínú bàsíà, ó ń kọrin fún un, mo sì pẹ̀yìn dà. Ojo ni mo ṣe. N kò padà lọ mọ́.

Àwọn irinṣẹ́ yí padà. Wọ́n gbé mi wá sí Àkúrẹ́, sí láàbù kan lápá Alágbàká. Ásíìdì tó ń jó ìró lọ, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ ka àwọ̀ náà lọ. Ẹ̀rọ tó dé gbẹ̀yìn, ẹ ó kàn to ìgò sínú rẹ̀ ni, á fa ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, á tẹ èsì jáde kí ẹ tó mu omi tán. Ó dára, n kò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń lò ó kì í wo ìgò mọ́, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá funfun jù, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́, wọn á sì ní kí aláìsàn lọ gbààwẹ̀ wá. Mo ń pariwo fíríìjì, fíríìjì, wọ́n bá sọ mí ní Mọ́mì Fíríìjì.

Ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì ni Dámilọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó mọṣẹ́ jù níbẹ̀, wọ yàrá mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ ò rí àwọn aboyún yìí. Ọ̀kan wá láti Oǹdó lónìí, ẹ̀rọ kọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń ṣẹ́ pé òun ò jẹun, ìyá àgbà rẹ̀ sì gbé odindi kúlà dání!"

Mo dìde. "Ìgò yẹn dà?"

"Mo ti jù ú nù, mà. Mo ní kí wọ́n padà wá ní Tọ́sìdeè."

Mo tún jókòó. Bí ọgbọ̀n ọdún ti kọjá, ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ló wà lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Mo sọ fún ara mi pé kúlà pọ̀ láyé.

Ní Tọ́sìdeè mo dé kí wọ́n tó ṣí géètì. Ìyá àgbà kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọbìnrin tó lóyún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kúlà aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, wà lórí itan rẹ̀. Ó ti fi aṣọ wé ìdérí rẹ̀, ó so ó, ó tún un so, kókó lórí kókó, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè ní wọ́n ti ṣí i. Ìyá Bọ́láńlé ni. Ojú ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú Bọ́láńlé ni.

Ó na kúlà náà sí mi. "Ọmọ ọmọ mi nìyí, Rántí lorúkọ rẹ̀, kò jẹun. Wò ó, mi ò tú u."

"Màmá, ẹ má fi hàn mí..."

"Mo rí ọ lẹ́yìn gíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwọ ni mo so ó fún."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, níwájú èrò, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun mi. Omijé kò jẹ́ kí n rí ilẹ̀. Mo ní, "Màmá, mo gbà yín gbọ́. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n gbà yín gbọ́." Ó ní, "Dìde. Lọ wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ná."

Èmi ni mo gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ó funfun. Mo pe Dámilọ́lá kó wá wò ó, n kò sì dúró de fíríìjì kí n tó sáré lọ bá dókítà, mo ro ìtàn ìyá rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n dá Rántí dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dámilọ́lá fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò jáde láti inú fíríìjì. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, funfun ni. "Mọ́mì, èyí tí mo jù nù lọ́jọ́ Mọ́ńdè ńkọ́?" Mo dì í mú.

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ń wọn oúnjẹ fún Rántí bí ìgbà tí wọ́n ń wọn oògùn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó bí ọmọkùnrin, àwọn méjèèjì yè. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́ ọmọ náà wá fún wa, mo yí i, mo gbé e síta sínú oòrùn, ó mọ́ gaara bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Dókítà ní a ó ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò bó bá ṣe ń dàgbà, torí ó lè wà nínú ẹbí. Ọ̀gá Adéyanjú ti kú nígbà náà. Mo sọ fún un bákan náà, mo ní, Ọ̀gá, mo wò ó o.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dáa, ó dáa. Ẹ̀rọ á ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sí Oǹdó, Ìyá Bọ́láńlé fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn láàbù wọlé. Ó gbé kúlà sórí tábìlì mi. Kò so ó. Ó ṣí i, èéfín mọ́ínmọ́ín sọ sókè, ó fi ṣíbí lé mi lọ́wọ́, ó sì fa àga jókòó tì mí.

Ó ní, "Jẹun, ọmọ mi. Ìwọ náà ti gbààwẹ̀ tó."